Ìjà Ilé Havana àti Ìjúbà Tó Kó Wọn Pọ̀

Bí ẹ bá fetí sí ìjúbà tí ọ̀pọ̀ ilé Lucumí ń ṣe kí iṣẹ́ òrìṣà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó gbọ́ orúkọ Obá Tero. Ẹ ó gbọ́ orúkọ Latuán. Ẹ ó gbọ́ Efuché, ẹ ó sì gbọ́ Obadimeyi. Ẹni tó ń júbà yóò dárúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò fi «ibaé» tẹ̀ lé e, àwọn tó yí i ká yóò sì dáhùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun nínú ẹ̀sìn kò mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo àwọn tí à ń dárúkọ yìí ló rẹ́ nígbà ayé wọn. Méjì nínú wọn bá ara wọn jà tó bẹ́ẹ̀ tí ìlú Havana kò fi gba àwọn méjèèjì mọ́.

Mo fẹ́ kí á sọ ìtàn ìjà náà nínú ìwé ìròyìn wa yìí, nítorí ìjà tiwa ti ń pọ̀ jù. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan á gbé orin Yemayá sórí fóònù, ẹlòmíràn ní Ìbàdàn tàbí ní London á ní ọ̀rọ̀ inú orin náà ti bàjẹ́. Ẹni tó wà ní Miami á fèsì pé àwọn ará Nàìjíríà ti ta òrìṣà fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, kí wọ́n má wá kọ́ òun ní ohunkóhun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti bú ìyá ara wọn, wọ́n ti bú ẹni tó gbé òrìṣà lé ara wọn lórí. Ọ̀rọ̀ orin tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn baba wa kì í jà, pé àrùn ayé òde òní ni ìbínú yìí. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn baba àti ìyá wa jà dáadáa. Wọ́n bú ara wọn, wọ́n sì kọ ara wọn sílẹ̀. Àmọ́ wọ́n fún ìjà ní àyè tirẹ̀ àti àkókò tirẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀nà sílẹ̀ tí ẹni tó bínú jáde lè gbà padà wọlé. Àwa ni a ń jà láìsí àyè, láìsí àkókò, láìsí ọ̀nà àbọ̀.

Àwọn ọ̀tá nínú ilé kan

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti wá. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà dé ibẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun ló sì kó ọ̀pọ̀ wọn. Ogun Òwu bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1820. Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1836. Ìbàdàn àti Ìjàyè jà láti 1860 títí di 1862. Ẹ̀gbádò wà láàárín: Dahomey ń kọlù wọ́n láti ìwọ̀ oòrùn, Ẹ̀gbá náà kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ẹni tí wọ́n mú ní Ẹ̀gbádò, ẹni tí wọ́n mú ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Ẹ̀gbá, gbogbo wọn lè bá ara wọn nínú oko ìrèké kan náà lẹ́bàá Matanzas. Orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn ará Sípéènì fún gbogbo wọn níbẹ̀: Lucumí.

Ẹ rò ó wò ná. Ọkùnrin kan lè jókòó ti ọmọ ìlú tó jó ilé bàbá rẹ̀. Wọn kò ní ọba tí yóò parí ìjà wọn, wọn kò sì ní ìlú tí wọn yóò sá padà sí. Ohun tí wọ́n ní ni cabildo, ìyẹn ẹgbẹ́ tí ìjọba Sípéènì gbà kí àwọn ọmọ Áfíríkà dá sílẹ̀ ní ìgboro, tí ó ń jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì níta, tí òrìṣà sì ń gbé inú rẹ̀. Cabildo ń tọ́jú aláìsàn, ó ń sin òkú, ó sì ń dáwó láti ra ọmọ ẹgbẹ́ kúrò lóko ẹrú. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ní tiwọn ní Matanzas, ìlù Iyesá wọn sì ń dún níbẹ̀ dòní. Havana náà ní tirẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń bọ Ṣàngó.

Ní ilé, olúkúlùkù ń bọ òrìṣà ìdílé rẹ̀ tàbí ti ìlú rẹ̀, bí ìlú kejì bá sì ń ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn, kò kan ẹnikẹ́ni. Ní Kúbà, wọ́n ní láti kó gbogbo rẹ̀ sínú yàrá kan. Ta ni yóò ṣáájú? Orin ìlú wo ni a ó kọ́kọ́ dá? Báwo ni a ó ṣe gbé òrìṣà lé ènìyàn lórí kí ilé gbogbo tó gbà pé ó ṣe é? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ló bí ìjà, kò sì yà mí lẹ́nu pé wọ́n bí i.

Obá Tero àti Latuán

Obá Tero ni orúkọ òrìṣà Ma Monserrate González. Ọmọ Ẹ̀gbádò ni, oníṣàngó sì ni. Latuán ni Timotea Albear. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, oníṣàngó ni òun náà. Obìnrin méjì, adóṣù Ṣàngó méjèèjì, nínú ìlú kan ṣoṣo. Miguel Ramos, olórìṣà tó tún jẹ́ òpìtàn, kó ìtàn wọn jọ láti ẹnu àwọn àgbà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2003. La División de La Habana ló pè é, ìyẹn ìpínyà Havana.

Ilé kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe ń sọ bí ìjà náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kókó rẹ̀ hàn: ta ni yóò jẹ́ olórí nínú iṣẹ́ òrìṣà ní Havana, ọ̀nà ìlú wo ni gbogbo ilé yóò sì máa tọ̀. Ọ̀nà Ọ̀yọ́, ọ̀nà ààfin àti ti Ṣàngó, ni ó ń borí. Lásìkò kan náà ni ètò ìdóṣù ń yí padà. Efuché, tí wọ́n tún ń pè ní Ña Rosalía, ni àwọn àgbà máa ń dárúkọ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ẹni tó tún ètò náà tò, tí ó fi di pé ìyàwó ń gba òrìṣà púpọ̀ lọ́jọ́ kan náà, kì í ṣe òrìṣà orí rẹ̀ àti Elegguá nìkan bíi ti tẹ́lẹ̀. Obá Tero ní ti Ẹ̀gbádò lọ́wọ́, kò sì gbà kí ó rì sínú ti ẹlòmíràn. Nígbẹ̀yìn, ó kó òrìṣà rẹ̀, ó kọrí sí Matanzas, tó fi nǹkan bí kìlómítà 100 jìnnà sí Havana.

Ìpínyà ló jẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo ohun tó jáde nínú rẹ̀. Ní Matanzas, Obá Tero tọ́ Fermina Gómez, ẹni tí orúkọ òrìṣà rẹ̀ ń jẹ́ Ochabí, tí ó di olùtọ́jú ìlù Olókun, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri erékùṣù náà. Ní Havana, Latuán kọ́ Octavio Samá, tí à ń pè ní Obadimeyi, ní iṣẹ́ oríàté. Ọwọ́ àwọn obìnrin ni iṣẹ́ yìí wà tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn Obadimeyi ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọkùnrin. Àwọn àgbà tún sọ pé Obadimeyi ti dóṣù ní Sabanilla kí ó tó wá sí Havana, pé nígbà tó dé, wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un níbẹ̀ kò dá àwọn lójú, wọ́n sì tún un ṣe. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín lónìí pé «ẹ kò dóṣù bó ṣe yẹ», ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ láyé. Wọ́n sọ ọ́ sí ẹni tí gbogbo oríàté ń júbà lónìí.

Ohun tí ìjà náà ná wa

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìjà yẹn kò bà nǹkan jẹ́. Ó bà á jẹ́. Ìmọ̀ pín sí méjì. Àwọn nǹkan kan wà tí Matanzas mọ̀ tí Havana kò mọ̀, pàápàá nípa Olókun. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ ní láti wọ ọkọ̀ lọ bá àgbà kan ṣoṣo nínú ilé kan ṣoṣo. Bí àgbà náà bá sùn kí wọ́n tó dé, ó parí nìyẹn. Nínú ẹ̀sìn tí ìmọ̀ ti ń ti ẹnu bọ́ sí etí, ìjà kì í pa ẹni tó ń jà nìkan. Ó tún máa ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ tí a kò tíì bí.

Síbẹ̀, ọ̀nà kò dí pátápátá. Àwọn ará Havana lọ bá Fermina, wọ́n gba Olókun lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e padà sílé. Báwo ni ọmọ ilé tó bá ìyálórìṣà rẹ̀ jà ṣe lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú moforibale, ìyẹn mo forí balẹ̀. Ẹ̀yin mọ òfin rẹ̀. Bí olórìṣà méjì bá pàdé, èyí tó kéré ní ọjọ́ ìdóṣù ni yóò wólẹ̀. Ẹni tó ní òrìṣà ọkùnrin lórí yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹni tó ní òrìṣà obìnrin yóò fi ìgbúnwọ́ yí ìhà ọ̀tún, yóò yí ìhà òsì. Àgbà yóò fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, yóò súre, yóò gbé e dìde. Òfin náà kò béèrè bóyá ẹ fẹ́ràn ara yín. Kò béèrè ilé tí ẹ ti wá. Orí ni à ń kí, òrìṣà tó wà lórí ni à ń kí. Ẹni tó ti dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n sì ti súre fún, lè wá sọ pé òun kò gba ohun tí àgbà náà ń ṣe. Á ti ṣòro díẹ̀ fún un láti sọ ọ́ bí ẹni ń sọ òkò.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tó sún mọ́ wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́tà ọdún méjì ló ń jáde ní Havana ní oṣù Ṣẹẹrẹ. Ìgbìmọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ Miguel Febles Padrón ń ṣe tirẹ̀, Asociación Cultural Yoruba de Cuba, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, ń ṣe tirẹ̀. Odù méjì, ìkìlọ̀ méjì, àwọn ọmọ ẹ̀sìn ní òkè òkun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí èyí tó jẹ́ òótọ́. Nígbà tó yá, àwọn babaláwo ìhà méjèèjì jókòó pọ̀, wọ́n sì gbé lẹ́tà kan jáde. Kò sí ẹni tó fi èébú ṣe é. Àwọn àgbà jókòó sórí ẹní kan, wọ́n júbà àwọn òkú kan náà, wọ́n sì dá Ifá.

Èébú tó ní ààlà

Ẹnì kan lè sọ pé mo fẹ́ kí gbogbo wa máa rọra sọ̀rọ̀ bí aláìsàn. Rárá o. Ẹ̀sìn wa fẹ́ràn èébú, bí ó bá wà ní àyè rẹ̀. Ẹ wo púyà.

Fernando Ortiz kọ nípa orin púyà ní Kúbà. Púyà ni orin ìgúnlára, orin tí a fi ń tọ́ òrìṣà níjà kí ó lè sọ̀ kalẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ìgbà tó ń wáyé. Bí wọ́n bá gbé batá síta, orù ti inú igbódù ló kọ́kọ́ ń wáyé: ìlù nìkan níwájú òrìṣà, kò sí orin, kò sí ijó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orù kejì, pẹ̀lú orin àti ijó, tí a ń kí òrìṣà kọ̀ọ̀kan bó ṣe tò. Ẹ̀yìn méjèèjì ni agbo tó gbóná. Nígbà yẹn ni akpwón lè máa yin òrìṣà, kí ó yìn ín títí, bí òrìṣà bá sì ń fi falẹ̀, kí ó wá yí orin padà sí púyà. Kò sí ẹni tó ń fi púyà ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, onílù yóò wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Akpwón méjì náà lè fi púyà gún ara wọn. Ọ̀kan á dá orin tó ń fi hàn pé ìmọ̀ ẹnì kejì kò tó, èkejì ní láti rí orin tó bá a mu dá a lóhùn, nínú ìlù kan náà, láìjẹ́ kí ìlù já. Ẹni tí kò bá ní èsì yóò gbé orin sílẹ̀, ojú yóò tì í, yóò sì lọ kọ́ sí i. Ẹ rí i pé ẹni tí wọ́n ń bú wà níbẹ̀, ó ń gbọ́, ẹnu rẹ̀ sì gba èsì. Ìmọ̀ ni wọ́n fi ń jà, kì í ṣe ìyá ara wọn. Àwọn àgbà wà níjòókòó tí wọ́n lè ní ó tó. Bí ìlù bá sì ń parí lọ, a ó kọrin fún eégún, a ó kọrin fún Yemayá àti Olókun, ẹnì kan á gbé garawa omi jó, á sì da omi náà sí ìta. Ohunkóhun tó gbóná nínú ilé lálẹ́ ọjọ́ náà, omi ti gbé e lọ.

Kì í ṣe Kúbà ni wọ́n ti hùmọ̀ èyí. Ní Ẹ̀gbádò, ilẹ̀ Obá Tero, àti ní Kétu, níbi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti gbilẹ̀, òru kan wà tí à ń pè ní òru Ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ á jáde sí ojú agbo lóru, á sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ lọ́sàn-án. Á bú olè, á bú ìjòyè tó ń jẹ owó ìlú, á fi aṣebi ṣe yẹ̀yẹ́, wọn kò sì gbọdọ̀ gbẹ̀san lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó bú ẹnikẹ́ni, á ti júbà òrìṣà, á ti júbà àwọn ìyá wa, á ti júbà àwọn àgbà tó kọrin ṣáájú rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un. Ìjúbà yẹn ló la ẹnu fún Ẹ̀fẹ̀. Ní Ìbàdàn náà, ní ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn, ènìyàn lè kọ orin rírùn sí ẹni tó bá wù ú láàárín ìgboro, ọlọ́lá kì í sì bínú. Kí ó dán an wò ní ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kan ni ìlú fi sílẹ̀ fún un, ọjọ́ yòókù kì í ṣe tirẹ̀.

Èébú tí kò ní ààlà

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn wa ní Hialeah, ní Florida. Ní 1987, ìjọ Lucumí Babalú Ayé, tí Ernesto Pichardo jẹ́ olórí rẹ̀, gba ilẹ̀ kan níbẹ̀ láti kọ́ ilé ìjọsìn. Ìgbìmọ̀ ìlú pe ìpàdé pàjáwìrì ní ọjọ́ 9 oṣù Òkúdu. Èrò kún ibẹ̀. Nígbà tí ọmọ ìgbìmọ̀ bá sọ̀rọ̀ tako òrìṣà, èrò á pàtẹ́wọ́. Nígbà tí Pichardo dìde láti sọ tirẹ̀ ní ṣókí, wọ́n fi ariwo àti ẹ̀gàn dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ọmọ ìgbìmọ̀ kan rán wọn létí pé ní Kúbà àtijọ́, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń jù àwọn tó ń ṣe ẹ̀sìn yìí sí, èrò sì tún pàtẹ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ará ìlú yẹn, ọmọ Kúbà ni wọ́n. Kì í ṣe àjèjì ló ń bú wọn.

Kò sí ìjúbà nínú ìpàdé yẹn, kò sí àyè fún èsì, kò sí omi tí wọ́n dà síta. Ìgbìmọ̀ ṣe òfin tó ka ẹbọ ẹran léèwọ̀, wọ́n sì hun òfin náà débi pé àwọn olórìṣà nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú. Ẹjọ́ náà gùn títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Òkúdu 1993, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán dá ìjọ náà láre. Adájọ́ Kennedy, tó kọ ìdájọ́, kọ àtẹ́wọ́ àti ẹ̀gàn ọjọ́ náà sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ìbínú sọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wà nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà títí ayé. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé, bí mo bá wo bí a ṣe ń bá ara wa jà lórí fóònù, ìpàdé Hialeah ló jọ, kò jọ agbo batá. Àtẹ́wọ́ ni à ń wá. Ẹni tó bú ènìyàn dáadáa ni ọgọ́rùn-ún ènìyàn ń yìn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ orin tí ọ̀rọ̀ dá lé.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ta ni ó tọ̀nà?

Ó yẹ kí á fọwọ́ kan ìjà tó pọ̀ jù láàárín wa, ìyẹn ìjà èdè. Òótọ́ wà lẹ́nu ìhà méjèèjì. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá láti kékeré mọ̀ pé ohùn ni ó ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ìgbà yàtọ̀ sí igbá, igbá yàtọ̀ sí igba. Àwọn ìwé àjákọ tí àwọn Lucumí fi ọwọ́ kọ, ìlànà èdè Sípáníìṣì ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sí àmì ohùn. Èdè Sípáníìṣì kò ní «gb», kò sì kọ «j» bí a ṣe ń pè é, nítorí náà mojúbà di moyuba, Ṣàngó di Changó. Bí onímọ̀ Yorùbá kan bá sọ pé ọ̀rọ̀ orin kan lè ní ìtumọ̀ mìíràn, ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ọ.

Àmọ́ kí òun náà gbọ́ tiwa. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Crowther ṣe jáde ní 1843. Ìpàdé tí wọ́n fi ètò sí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá wáyé ní Èkó ní 1875. Ọkọ̀ ẹrú sí Kúbà ti dáwọ́ dúró ní nǹkan bí 1867. Ìyẹn ni pé kí wọ́n tó fẹnu kò lórí Yorùbá inú ìwé tí ẹ fi ń ṣàtúnṣe fún wa, àwọn ìyá wa ti dé Kúbà, wọ́n ti ń kọrin. Èdè ìlú olúkúlùkù ni wọ́n gbé dání. Ẹ wo ọmọ Ìbàdàn tó ń pe Ṣàngó ní «Sàngó». Kò sí ẹni tó sọ pé ó ba èdè jẹ́. Èdè ìlú rẹ̀ ni. Ẹni tó wà ní Havana tó ń sọ pé «Changó» náà ní ilé tó ti gbọ́ ọ. Bákan náà ni kò tọ́ kí Lucumí máa sọ pé òrìṣà ti kú ní ilé. Ẹni tó bá ti tẹ̀ lé Arugbá lọ sí odò ní Òṣogbo nínú oṣù Ògún kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè tó lè mú àríyànjiyàn wá sí ibi rere ni ìbéèrè àwọn àgbà: «Lọ́wọ́ ta ni ẹ ti kọ́ ọ?» Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ẹ̀gàn. Ó ń jẹ́ kí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ dárúkọ ìyálórìṣà rẹ̀, kí ó dárúkọ ẹni tó bí i nínú òrìṣà, títí dé ẹni tó wọkọ̀ ojú omi wá. Nígbà tó bá fi dárúkọ tán, ẹ ó ti mọ̀ bóyá ará Matanzas ni tàbí ará Havana, ẹ ó sì ti mọ ìdí tí orin rẹ̀ fi yàtọ̀ sí tiyín. Nígbà mìíràn, ibẹ̀ ni ìjà ń parí sí. Nígbà mìíràn kò ní parí, ẹ ó sì máa bá àríyànjiyàn náà lọ, pẹ̀lú orúkọ ìyá ẹnì kejì tí ẹ ti gbọ́, tí ẹ ti dáhùn «ibaé» sí. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní ń yọ ọfà lápó. Obì ni àwa ń wá.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀

Nítorí náà, fún àwa tí a ń kàwé pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣàtúnṣe orin ẹlòmíràn láìkọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti kọ́ ọ. Èkejì, bí ọ̀rọ̀ bá gbóná, kí á gbé e kúrò lójú èrò. Kí ẹ pe ara yín, kí ẹ gbọ́ ohùn ara yín, kí ẹ sì kí ara yín bí ọjọ́ ìdóṣù ṣe pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé òun kò gbà. Ẹ̀kẹta, nígbà tí a bá tún péjọ, kí olúkúlùkù mú ìjúbà ilé rẹ̀ wá, kí ó fi ìlà sí abẹ́ orúkọ àwọn tó mọ̀ pé wọ́n bá ara wọn jà láyé. A ó ka àwọn orúkọ náà sókè pọ̀, a ó sì sọ ìtàn ìjà wọn fún àwọn ọmọ tuntun. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé Obá Tero jáde kúrò ní Havana. Ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ní àárọ̀ tí wọ́n dóṣù, ẹni tó ń júbà fún wọn dárúkọ rẹ̀, ó dárúkọ Latuán, ilé gbogbo sì dáhùn sí méjèèjì.